Àpá Tó Dà Bí Ojú Irin: Ṣé Ọwọ́ Dókítà Ni, Àbí Awọ Ara Wa?

Bí ẹ bá dúró síbi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá ní Àgbàdo, kí ẹ wo ọ̀kánkán Ifọ̀, ohun tí ẹ máa rí ni irin tó nà gbọọrọ lọ, àti àwọn igi àti kọnkéré tí wọ́n tò ní ìdábùú sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí ojú yín ò fi ní lè kà á mọ́. Ẹ wá wo ojúgun ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n rán an. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àwòrán kan náà níbẹ̀: ìlà gbọọrọ kan láàárín, ìlà kéékèèké ní ìdábùú lọ́tùn-ún lósì, àti ojú ihò kékeré ní ìparí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn dókítà òyìnbó gan-an kò rí orúkọ mìíràn fún un. Àpá ojú irin náà ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn.

Ẹlòmíràn sì wà tí wọ́n la inú rẹ̀, tí wọ́n gbé ọmọ jáde, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún kan, àfi tó bá fi ìka tọ́ka sí i kí ẹ tó rí ibi tí abẹ gbà. Ẹnì kẹta tún wà: etí ni wọ́n kàn lu fún un, kò tiẹ̀ sí pé wọ́n rán nǹkan kan, ibẹ̀ sì wú títí ó fi tó ẹyin ẹyẹlé.

Tí ẹ bá bi àwọn ará ilé nípa ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí, àwọn kan á ní "ọwọ́ dókítà yẹn ò dáa." Àwọn mìíràn á ní "bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe rí nìyẹn." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a máa ń pín ẹ̀bi náà síbi tí kò yẹ. A máa ń ro pé bí òwú ṣe rí lójú awọ ló pinnu gbogbo nǹkan. Àwọn tó fara balẹ̀ wọn ọ̀rọ̀ yìí wò rí i pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Olóólà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n

Kí a tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ olóólà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí àpá hàn. Ó fẹ́ kí àbàjà hàn láti òkèèrè, kí èèyàn mọ ọmọ ẹni tó ń bọ̀. Torí náà, kì í rán ojú ọgbẹ́ pọ̀. Ó ń la á, ó ń fi omi ìgbín tù ú, ó sì ń fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Etí ọgbẹ́ méjèèjì kò ní pàdé. Ara fúnra rẹ̀ ló máa dí àlàfo náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ohun tó sì fi dí i ni à ń pè ní àpá. Bí àlàfo bá ṣe fẹ̀ tó ni àpá á ṣe fẹ̀ tó.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 ti ka kíkọ ilà sára ọmọdé léèwọ̀, èmi ò sì ní bá ilà daro. Àmọ́ ìmọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ wo iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ bí iṣẹ́ olóólà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé: òun fẹ́ kí etí ọgbẹ́ méjèèjì pàdé géérégé, kí àlàfo má sí rárá, kí ara má baà rí ohun púpọ̀ dí.

Awọ kì í ṣe aṣọ

A máa ń sọ pé wọ́n "rán" ọgbẹ́, bí ẹni pé bùbá ni. Àfiwé yẹn dáa dé ìwọ̀n àyè kan, lẹ́yìn náà ó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Nínú aṣọ, òwú ló ń di aṣọ mú títí ayé. Ẹ tú òwú, bùbá já sí méjì. Nínú awọ ara, alábàáṣe fún ìgbà díẹ̀ ni òwú jẹ́. Ẹ rìn wọ àwọn àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé ní Mowe tàbí Ìbafo, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe dẹ́kìn: wọ́n á kọ́kọ́ fi pákó àti ọparun gbé e ró, wọ́n á da kọnkéré sí i, ìgbà tó bá gan tán ni wọ́n máa yọ ọparun kúrò. Òwú ni ọparun yẹn. Ara yín ni kọnkéré.

Báwo ni kọnkéré yìí ṣe ń gan? Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á dì, ojú ọgbẹ́ á dé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbá ìdọ̀tí nínú ara á ya wọ ibẹ̀ láti pa kòkòrò, láti kó ohun tó ti kú dànù. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pupa, tó máa ń gbóná, tó sì máa ń wú. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn á máa hun okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ collagen, èyí tó ń jẹ́ kí awọ le. Lẹ́yìn ìyẹn, ara á tún máa tún un tò, á máa yọ díẹ̀, á máa fi díẹ̀ kún un, fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe ṣèdájọ́ àpá oṣù kejì, torí pé kò tíì parí.

Nínú awọ tí kò tíì gbọgbẹ́ rí, collagen máa ń kọjá lára wọn síbí sọ́hùn-ún bí ìgbà tí wọ́n hun apẹ̀rẹ̀. Nínú àpá, apá kan náà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dojú kọ, bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Àpá kì í ní irun, kì í sì í làágùn. Agbára rẹ̀ náà kò tó ti tẹ́lẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ kìíní, agbára ojú ọgbẹ́ kò tó nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tó nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára awọ tó pé. Ní oṣù kẹta, ó lè tó 80, ibẹ̀ ló sì máa ń dúró sí. Kì í tún pé 100 mọ́ láéláé.

Ẹ ka àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kejì, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Òwú tó wà lójú awọ, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni wọ́n máa ń yọ ọ́, ìyẹn nígbà tí ọgbẹ́ kò tíì ní ìdá 20 nínú agbára rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, tí ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tí awọ ti ń fà, bí èjìká tàbí orúnkún, àpá náà á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ wá ní kí wọ́n fi òwú sílẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta? Ojú irin Àgbàdo ló máa kù síbẹ̀.

Ibi tí ojú irin ti wá

Nǹkan méjì ló ń fà á. Èkíní ni òwú tí wọ́n fún jù. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú ọgbẹ́ máa ń wú, bẹ́ẹ̀ òwú kì í nà. Òwú tó rọra jókòó lónìí lè ti máa gé awọ lọ́tùn-ún-la, bí okùn tí wọ́n so mọ́ ọrùn àpò gaàrí. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn dáadáa lábẹ́ rẹ̀, awọ ibẹ̀ á kú díẹ̀, ìlà ìdábùú á sì dúró síbẹ̀. Òfin àwọn tó ń kọ́ oníṣẹ́ abẹ ni pé kí etí ọgbẹ́ méjèèjì kàn fẹnu kora, kí wọ́n má fún ara wọn pa.

Èkejì ni àkókò. Sẹ́ẹ̀lì awọ òde kì í lè rí àlàfo kó má bò ó. Tó bá ti kan òwú, á máa tẹ̀ lé òwú yẹn wọlé sínú ihò tí abẹ́rẹ́ gbà, á sì máa tẹ́ awọ sí ògiri ihò náà. Tí òwú bá kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ihò yẹn á pa dé, kò ní sí ẹ̀rí. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ihò á di ti àìnípẹ̀kun.

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ yíyọ òwú fi yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn lára. Ojú ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ó ń yára jinná, nítorí náà ọjọ́ 3 sí 5 ni. Orí jẹ́ ọjọ́ 7 sí 10. Àyà, ikùn àti ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Apá àti ẹsẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 10 sí 14, ibi oríkèé sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àpá ojú irin kì í wá láti ọwọ́ dókítà rárá. Wọ́n rán èèyàn nífọ̀nfọ̀n iwájú orí, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ karùn-ún. Kò dùn ún mọ́, owó ọkọ̀ kò sí, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á tún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá padà lọ lọ́jọ́ kọkànlélógún. Kò sí ọ̀nà ìránṣẹ́ abẹ kankan láyé yìí tó lè gba irú iwájú orí bẹ́ẹ̀ là.

Bí wọ́n ṣe ń rán an

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni rírán lọ́kọ̀ọ̀kan: abẹ́rẹ́ á wọlé lápá ọ̀tún, á jáde lápá òsì, wọ́n á ta á ní kókó, wọ́n á gé e, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó máa ń pẹ́, àmọ́ tí ibì kan bá ní kòkòrò, wọ́n lè yọ kókó kan ṣoṣo láìtú ìyókù. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọgbẹ́ jàǹbá tó dọ̀tí láti orí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí ni wọ́n sábà máa ń ṣe, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Rírán àrántẹ̀lé sì wà, òwú kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, bí ẹ̀rọ télọ̀. Ó yá kánkán. Àléébù rẹ̀ ni pé tí òwú bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ lè tú.

Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní mattress, torí pé ó jọ bí wọ́n ṣe ń rán bẹ́ẹ̀dì: abẹ́rẹ́ á kọjá lẹ́ẹ̀mejì, á mú jìnnà, á tún mú nítòsí. Ó lágbára gan-an, ó sì ń jẹ́ kí etí ọgbẹ́ yọrí sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń fi ojú irin sílẹ̀, torí òwú méjì ló ń tẹ awọ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni rírán abẹ́ awọ. Ẹ ti rí bí télọ̀ tó gbọ́nṣẹ́ ṣe ń fi ọwọ́ rán etí ṣòkòtò tí ẹ ò fi ní rí òwú lóde? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ á máa rìn ní ìbúlẹ̀ nínú awọ, lábẹ́ awọ òde, lápá ọ̀tún, lápá òsì, títí dé ìparí. Kò sí ìdábùú lójú awọ, nítorí náà ojú irin kò lè sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òwú ọ̀hún jẹ́ irú èyí tí ara máa ń jẹ fúnra rẹ̀, tí kò sídìí láti padà lọ yọ ọ́. Fún ẹni tí kò ní í padà lọ lọ́jọ́ keje, ẹ rí i pé èyí nìkan ti tó àǹfààní.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, ẹ ò lè rí i. Ìyẹn ni òwú ìsàlẹ̀. Kí oníṣẹ́ abẹ tó fọwọ́ kan ojú awọ, á kọ́kọ́ fi òwú tí ara máa ń jẹ so awọ inú, ìyẹn apá tó nípọn tó wà lórí ọ̀rá, pọ̀ mọ́ra wọn, kókó rẹ̀ á sì kọjú sísàlẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, etí ọgbẹ́ á ti fẹnu kora kí ó tó rán ojú rẹ̀ rárá. Òwú yìí máa ń dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ tòkè, òun ló sì ń bá ọgbẹ́ gbé ẹrù fífà awọ ní àkókò tí kò tíì lágbára. Àlọ́ òwú tí kò ṣeé yọ lójú ọjọ́, tí kò sì ṣeé fi sílẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé: ẹ gbé ẹrù lọ sísàlẹ̀, kí ẹ lè tètè yọ tòkè.

Wọ́n dán an wò

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀nà kan dára ju òmíràn lọ. Báwo lẹ ṣe máa fi hàn? Tí ẹ bá fi àpá Bọ́lá wé ti Kúnlé, awọ wọn yàtọ̀, ọjọ́ orí wọn yàtọ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ awọ wá rí ọgbọ́n kan dá tí mo fẹ́ràn gan-an: wọ́n á pín ọgbẹ́ kan ṣoṣo lára ẹnì kan ṣoṣo sí méjì. Wọ́n á fi ọ̀nà kìíní rán ìdajì, wọ́n á fi ọ̀nà kejì rán ìdajì tó kù, kèké ló sì máa pinnu èwo ló wà níbo. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn tí kò mọ èwo ni èwo á wá fún ìdajì kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ìwọ̀n kan tí wọ́n sábà ń lò ni POSAS, tí wọ́n gbé jáde ní Netherlands ní 2004. Ohun tó dáa nípa rẹ̀ ni pé kì í ṣe dókítà nìkan ló ń fún àpá ní máàkì, ẹni tó ni ara náà máa ń fún un: ṣé ó ń yún un, ṣé ó ń dùn ún, ṣé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ṣé ó le.

Kí ni wọ́n rí? Ẹ gbọ́ èyí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí etí ọgbẹ́ yọrí sókè díẹ̀, pé tó bá lọ sílẹ̀ tán, á dọ́gba. Ní 2015, àwọn dókítà ní University of California, Davis, pín ọgbẹ́ sí méjì: wọ́n jẹ́ kí ìdajì yọrí, wọ́n sì rán ìdajì kejì pẹrẹsẹ. Nígbà tí àkókò pé, wọn ò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ láàárín méjèèjì. Wọ́n tún fi ọ̀nà pípín yìí yẹ òmíràn wò: ṣé kí òwú àrántẹ̀lé súnmọ́ra ní mílímítà 2, tàbí kí ó jìnnà síra ní mílímítà 5? Lẹ́yìn oṣù 3, bákan náà ló rí, àmọ́ ti mílímítà 5 yá ju èkejì lọ. Àwọn tó ti ń fi ọ̀pọ̀ òwú tó súnmọ́ra ṣe fọ́rífọ́rí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un rò.

Gọ́ọ̀mù awọ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi lẹ ojú ọgbẹ́ láìlo abẹ́rẹ́? Ní 2014, ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 33 jọ, tó kan èèyàn 2,793. Ojú ọgbẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ máa ń ṣí ju èyí tí wọ́n rán lọ. Ní ti bí àpá ṣe rí lójú, ìyàtọ̀ tó dájú kò sí. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ìyá 746 tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Wọ́n fi irin kéékèèké bíi ti sítápù ìwé pa ojú ọgbẹ́ àwọn kan dé, wọ́n sì rán àwọn ìyókù lábẹ́ awọ. Nínú àwọn tí wọ́n rán, nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú ọgbẹ́ wọn ní ìṣòro, nínú àwọn tí wọ́n fi irin pa tiwọn dé, ó lé ní 10. Irin yá, àmọ́ ó gba ìlọ́po méjì wàhálà.

Òwú tí ara ń jẹ àti èyí tí wọ́n ní láti yọ? Tó bá ti pẹ́ díẹ̀, ìrísí wọn kì í yàtọ̀. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ní òwú "olówó ńlá" ló máa jẹ́ kí àpá yín má hàn, ẹ rọra bi í léèrè pé kí ló dé.

Èrò tèmi lórí gbogbo èyí ni pé ojú òde ni a ń jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ abẹ́lẹ̀ ni ogun wà: ṣé òwú ìsàlẹ̀ gbé ẹrù? Ṣé wọ́n yọ tòkè lásìkò? Apá ibo ni wọ́n gbà gé e? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí, Karl Langer ló là á yé wa ní Vienna ní 1861. Ó gún ihò roboto sí awọ òkú, ó sì rí i pé ihò náà kì í dúró ní roboto. Á fẹ̀ gbọọrọ sí apá ibi tí awọ ti ń fà. Ó wá yàwòrán ìlà fífà yìí sí gbogbo ara. Ọgbẹ́ tó bá bá ìlà náà lọ kì í yawọ́. Èyí tó bá dábùú rẹ̀ á máa ṣẹnu. Ìdí kan nìyẹn tí Pfannenstiel ará Jámánì, láti 1900, fi ń la ikùn àwọn obìnrin ní ìbúlẹ̀ lókè egbé irun, tí àpá náà fi máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti èyí tí wọ́n là ní òòró láti ìdodo wá sísàlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí. Awọ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n pín ọgbẹ́ wọn sí méjì ní California. Àwa ní ìṣòro kan tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí.

Àpá tí kò mọ ìdúró

Ìyẹn ni keloid. Àpá tó kàn wú, tó pupa, tó sì dúró sínú ààlà ọgbẹ́, ìyẹn kì í ṣe keloid, ó sì lè wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí méjì. Keloid máa ń rékọjá ààlà. Á wọ inú awọ tí abẹ kò kàn rárá, á máa yún, á máa ta, kì í sì í padà sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ gan-an wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí èékánná alákàn. Jean-Louis Alibert, dókítà ará Paris, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Alibert ló kọ́kọ́ rí i. Ní 1973, Omo-Dare, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Nàìjíríà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí àwọn Yorùbá ti mọ̀ nípa keloid, ó sì fi hàn pé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú òyìnbó ni àwọn baba ńlá wa ti ń kíyè sí i. Ní Ìbàdàn, Oluwasanmi náà kọ̀wé lórí keloid lára àwa adúláwọ̀ ní 1974. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nínú keloid lóòótọ́. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, ó sì máa ń bá àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 jù. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, gbogbo ibi tó bá gbọgbẹ́ lára ni ì bá máa hù. Bẹ́ẹ̀, àyà, èjìká, abẹ́ àgbọ̀n àti etí ni ó fẹ́ràn. Ìpéǹpéjú kì í sábà ní i, bẹ́ẹ̀ ni àárín orí. Rei Ogawa, oníṣẹ́ abẹ ní Tokyo, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé fífà awọ ló ń bọ́ iná náà, pàápàá ní àyà àti èjìká. Keloid èjìká máa ń ya bí ìyẹ́ labalábá, ti àyà máa ń ya bí èékánná alákàn, apá ibi tí iṣan ń fa awọ sí náà ló máa ń gbà lọ. Ọgbọ́n Ogawa nígbà tó bá ń gé keloid ni pé kí òwú tó lágbára wà lábẹ́lẹ̀ pátápátá, kí etí awọ ti pàdé kí wọ́n tó fi òwú kan awọ inú rárá. Ẹ rí i pé ibi kan náà la tún padà sí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, torí owó àti etí yín ló wà nídìí èyí. Tí wọ́n bá gé keloid lásán, tí wọn kò ṣe nǹkan mìíràn, ó kéré tán nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń padà, nínú àwọn ìwádìí kan sì rèé, gbogbo wọn ló padà. Ó sì lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ẹ mú owó wá, màá gé e kúrò lọ́la, ó ti parí nìyẹn," kò sọ òótọ́ fún yín, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ rán an bí aṣọ òkè. Gígé kọ́ ni ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ triamcinolone tí wọ́n ń gún sínú àpá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra, ìtànṣán láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn gígé, tàbí yẹtí tó ń tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń fi kún gígé kó má baà padà. Tí kò bá sí ètò fún lẹ́yìn gígé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e.

Kí ẹ tó dùbúlẹ̀

Láti Àgbàdo, ọ̀nà ò jìn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ ojú irin pupa ìjọba Èkó ti ń gbé èrò láti Àgbàdo gba Ìkẹjà lọ sí Òyìngbò. LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì náà ní àwọn tó mọṣẹ́ àtúntò awọ. Àwọn ará Ifọ̀ lè rí FMC ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, ti Mowe àti Ìbafo sì lè gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí OOUTH. Ọgbẹ́ kékeré kò nílò ìrìn àjò yìí. Keloid, ọgbẹ́ ojú, tàbí kókó lára tí ẹ fẹ́ gé nítorí ẹwà nìkan, wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ fún wọn tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín bá ní keloid, kódà ti etí lásán. Ẹ bi wọ́n pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa fi òwú sísàlẹ̀? Ọjọ́ wo ni kí n padà wá yọ tòkè?" Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí fóònù níwájú wọn. Tí ẹ bá ń fi ìpara abóra kun ara, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Ọ̀pọ̀ nínú ìpara wọ̀nyí ní steroid tó lágbára nínú, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, òwú á máa fa irú awọ bẹ́ẹ̀ ya, ọgbẹ́ ò sì ní tètè jinná.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ òwú, oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló kù sọ́wọ́ yín, torí ìgbà yẹn ni kọnkéré ṣì tútù. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ nǹkan olówó pọ́ọ́kú. Ní Australia, wọ́n mú obìnrin 70 tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi téèpù pépà, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lẹ báńdéèjì, lẹ àpá wọn mọ́ ara fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí náà jáde ní 2005. Àpá tó wú pọ̀ láàárín àwọn tí kò lẹ nǹkan kan. Láàárín àwọn tó lo téèpù, agbára káká ni ẹ fi máa rí ẹyọ kan. Iṣẹ́ òwú ìsàlẹ̀ ni téèpù náà ń ṣe láti òkè: ó ń gba fífà awọ mọ́ra. Ẹ lè rà á ní kẹ́míìsì èyíkéyìí. Ẹ duro kí ojú ọgbẹ́ pa dé ná, ẹ lẹ̀ ẹ́ gba òòró àpá, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ ṣí fúnra rẹ̀. Tí awọ bá ń yún tàbí tó lé ròrò, ẹ yọ ọ́.

Kí ẹ sì máa ya àwòrán àpá náà lóṣooṣù, lábẹ́ iná kan náà, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá kọjá ààlà ọgbẹ́ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kódà pẹ̀lú mílímítà méjì péré, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú àwòrán náà lọ bá dókítà, nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì lè dá a dúró.